Ahọ́n Tó Pa Ìyàwó Lẹ́nu Mọ́

Ta ni kò mọ Oyèwùmí alálùbọ́sà ní ọjà Mile 12? Kò mutí, kì í ṣe àgbèrè, kì í pa ìsìn jẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Bó bá ti fi ọ̀rọ̀ gún ènìyàn tán, á ní, "Olóòótọ́ ni mí. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ."

Nílé wọn ní Ìkòsì, bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín á tán lẹ́nu Àpínkẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti Débọ́lá ọmọ wọn. Oyèwùmí rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ẹ̀rù ni.

Lọ́jọ́ kan, Àpínkẹ́ ṣubú lulẹ̀ nílé ìdáná. Dókítà ní kókó jẹjẹrẹ kan ti wà lọ́mú rẹ̀ tipẹ́, ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Oyèwùmí ké.

Àpínkẹ́ kọjú sí ògiri. "Daddy Débọ́lá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nígbà kan. Ẹ ní ṣé mo tún ti gbé àìsàn òfegè mi dé ni. Mo bá dákẹ́."

Oyèwùmí ronú títí, kò rántí. Èyí ló bà á lẹ́rù jù. Bí ẹni tutọ́ dànù ni ọ̀rọ̀ náà rí lẹ́nu rẹ̀.

Ó lọ bá Elkanah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra. "Elkanah, ṣé ènìyàn burúkú ni mí?"

Elkanah mí kanlẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, èmi náà ń bẹ̀rù rẹ. O mọ àléébù gbogbo wa, o ò mọ tìrẹ. Jésù ló lè fi ọkàn rẹ hàn ọ́, kó má sì ta ọ́ nù. Ké pè é."

Oyèwùmí kúnlẹ̀ sáàárín àpò àlùbọ́sà. "Jésù, èmi gan-an ni ẹlẹ́ṣẹ̀ náà. Gbà mí."

Jésù gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi padà dé ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́, Àpínkẹ́ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó gbọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sin ín.

Débọ́lá kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní àdúgbò Anthony. Oyèwùmí máa ń lọ kí i. Á rọra béèrè ọ̀rọ̀, á sì tẹ́tí sílẹ̀. Títí di òní, "Ẹ ṣé, sà" nìkan lọmọ náà ń sọ.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ta ló ń panu mọ́ bí o bá ti wọlé? Má ṣe pè é ní ọ̀wọ̀. Ọlọ́run tó ń wádìí ọkàn mọ ohun tí ahọ́n rẹ ti ṣe, bí ìwọ tilẹ̀ ti gbàgbé. Àánú wà fún ọ lọ́dọ̀ Jésù lónìí. Ronú pìwà dà. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Bí o bá sì dìde, tètè lọ bá ẹni tí o ti ṣẹ̀, nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.