Àmín Tí Wọ́n Fẹ́ Gbà Padà

"Ẹ pa rédíò yẹn," ni oníbàárà tó jókòó sórí àga àárín wí. Ìdajì irun rẹ̀ ni wọ́n ti dì tán, ìdajì yòókù ṣì dúró gan-an bí ìgbálẹ̀. "Ẹ pa á kí n tó là á mọ́lẹ̀. Mo ti ṣàmín sí i."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin mẹ́rin ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí náà lọ́sàn-án Sátidé yẹn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ti dáhùn "Àmín" kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣàmín sí. Bí àdúrà bá ti dé, ẹnu máa ń yá ju etí lọ. Onídìrí tó ni ṣọ́ọ̀bù ló tilẹ̀ ṣe tirẹ̀ sókè jù, nítorí ọmọ rẹ̀ ló kọ orin náà, òun ìyá ni ọmọ sì kọ ọ́ fún.

Ohun tó wà nínú ìwé orin ni "Ìyá mi á pẹ́ láyé." Ohun tí akọrin ogójì fi gbogbo ọ̀fun kọ lórí rédíò ni "Ìyà mi á pẹ́ láyé." Ohùn orin ló wálẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè, ni ìyá bá di ìyà, ni àdúrà bá di èpè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì kọ ọ́, kó lè baà wọni létí dáadáa.

Níbi tí wọ́n ti ń fọ irun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, òòyà bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin onídìrí sínú omi ọṣẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Elétí-ọfẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tó lè ṣì dún kí etí rẹ̀ má mú un. Òun nìkan ló mọ ìdí tó fi bọ́.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ olùkọ́ orin, fi kọ ọpẹ́rà yìí, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ lásán nínú rẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó bínú kúrò nílé lọ lọ́kọ, tó sì padà wá bẹ ìyá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò gbà láti gbé e sáfẹ́fẹ́ ní Sátidé, kí wọ́n tún gbé e lọ́jọ́ Àìkú. Bí àwọn olùgbọ́ bá fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á ní kó wá máa kọ orin fún àwọn. Iṣẹ́ tó ti ń lá lálàá láti kékeré nìyẹn.

"Etí mi ti mọ́ ọn jù," ló wí fún àbúrò rẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, nígbà tó fi orin náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. "Ohun tó wà lọ́kàn mi ni mò ń gbọ́, kì í ṣe ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn. Jọ̀ọ́, bá mi gbọ́ ọ dópin. Ibi tí orin bá ti yí ọ̀rọ̀ padà, kọ ọ́ sílẹ̀."

Elétí-ọfẹ́ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Òun ló mú ibi tí ìyàwó ti ń kọrin pé "Ọkọ mi dé," tó wá ń dún bí "Ọkọ̀ mi dé," àfi bí ẹni tó ti ń dúró ní ibùdókọ̀ láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ ju ìdajì lọ nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé fíìmù tuntun dé. "Orin àwọn arúgbó wo lo kì bọ etí yẹn?" ni ọ̀kan nínú wọn bi í. Ojú tì í. Ó pa orin náà, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Mo ti gbọ́ ọ dópin. Kò sí àléébù kankan mọ́." Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré ni, irọ́ sì ni.

Báyìí, atọ́kùn ètò ti ní kí àwọn olùgbọ́ máa pè wọlé. Bíríkìlà kan ló kọ́kọ́ wọlé. "Orí àkàbà ni mo wà, mò ń rẹ́ ògiri," ló wí. "Wákàtí méjì ni mo fi fara balẹ̀ gbọ́ yín. Ṣé kí ẹ lè ṣépè fún mi ni mo ṣe dúró?"

Lẹ́yìn rẹ̀ ni olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì. "Ẹ ò wá ní ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ èdè nínú gbogbo yín?" ló bèèrè. "Ẹni kan ò gbọ́ ọ kí ẹ tó gbé e jáde? Ìwà ọ̀lẹ gbáà nìyí."

Obìnrin kan ló tẹ̀ lé e. Òun ò pariwo. "Ìyá mi ti wà lórí àìsàn láti oṣù mẹ́ta," ló wí. "Mo gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí ara wọn lè yá gágá. Wọ́n ṣàmín, wọ́n wá ń wojú mi. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Inú bí Elétí-ọfẹ́ gan-an. Àwọn olùgbọ́ ló ń bínú sí, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó bínú sí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni ẹlẹ́ni ló máa ń rọrùn láti bínú sí. Ó sá wọ iyàrá tí wọ́n ń kó ìpara irun sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì pe rédíò.

"Àwọn tó ń pè yìí ò mọ nǹkan kan nípa orin," ló wí, ó fẹ́ fi ohùn jọ àgbàlagbà. "Ìyá ni wọ́n kọ níbẹ̀. Etí àwọn tó ń bínú ló dí pa. Kí wọ́n lọ fọ etí wọn."

"Àǹtí, ẹ rọra," ni atọ́kùn ètò wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó sì tún fi orin náà sí i. Àwọn tí kò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ wá gbọ́ ọ. Ìyà mi á pẹ́ láyé. Kò sí etí tó lè pè é ní nǹkan mìíràn, etí Elétí-ọfẹ́ pàápàá. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó tọrọ àforíjì, ó sì ní àwọn ò ní gbé eré náà mọ́ lọ́la. Nígbà tí ọmọ náà jáde síta, ìyá rẹ̀ ti dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Mo bí ọ, mo mọ ohùn rẹ," ni ìyá wí. "Ta lo rán lọ fọ etí?"

Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, kò bọ́ bàtà.

"Etí mi ò gbà á gbọ́," ló wí. "Àbúrò mi gbọ́ ọ dópin, kò sí àléébù níbẹ̀. Àfi kó jẹ́ pé olùdarí tó kọ́ àwọn akọrin lórin náà ló yí i padà. Mò ń lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó ti ba ayé mi jẹ́, kò ní jẹun níbi iṣẹ́ rẹ̀ yẹn mọ́."

Elétí-ọfẹ́ wo ilẹ̀. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á kọjá lórí rẹ̀, á lọ wó lu ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má fẹjọ́ wọn sùn," ló wí. "Mi ò gbọ́ ọ dópin. Ìdajì ni mo gbọ́. Mo parọ́ fún yín ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lù ú, kò sì gbóhùn sókè. Ì bá sàn kó ti gbóhùn sókè.

"Bíríkìlà gbọ́ ọ dópin lórí àkàbà," ló wí. "Olóòjòjò gbọ́ ọ dópin lórí ibùsùn. Gbogbo àwọn tó bú mi lónìí, kò sí ìkankan tí mo bẹ̀ nínú wọn. Ìwọ nìkan ni mo bẹ̀."

Ó dìde, ó sì wọlé lọ. Ìyá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ jà. "Ẹlẹ́bi tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀," ló wí, "ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ ná."

Lọ́jọ́ kejì, Elétí-ọfẹ́ pe rédíò ní ohùn ara rẹ̀. Ó sọ ẹni tó jẹ́ àti ohun tó ṣe, ó sì bẹ gbogbo àwọn tó bú lánàá. Wọ́n dárí jì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rédíò ò gbé eré náà mọ́, iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń retí sì lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n náà tún kọ orin mìíràn. Olùkọ́ àgbà tó pè é ní ọ̀lẹ lórí rédíò ló wá lọ bá, pé kó bá òun gbọ́ ọ. Elétí-ọfẹ́ ń gbọ́ orin náà láti inú iyàrá kejì, ẹnikẹ́ni ò sì bi í léèrè bó ṣe dún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí ẹ ò bá lè ṣe dópin, ẹ sọ pé ẹ ò ṣe é dópin. Àléébù inú iṣẹ́ ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá parọ́ fún kì í yára tún fi iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́.