Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Lára Sẹ̀líkà

Láti ìgbà tí Gbádé ti já Ọmọ́níkẹ́ kulẹ̀, bí ọkùnrin kan bá yin mọ́tò bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀, á kọ́kọ́ fura sí onítọ̀hún. Gbádé ló ń fẹ́ ẹ sọ́nà tẹ́lẹ̀. Wọn ò tíì jọ rìn jìnnà tó fi ní kó bá òun bẹ màmá rẹ̀ kí wọ́n ta mọ́tò náà fún òun. Ìgbà tí Màmá kọ̀ jálẹ̀, wọn ò rí Gbádé mọ́ ní gbogbo Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

Mọ́tò ọ̀hún kì í kúkú ṣe mọ́tò lásán. Tòyótà Sẹ̀líkà ayé àtijọ́ ni, onílẹ̀kùn méjì, pupa bí ata rodo, imú gígùn, ìdí kúkúrú. Bàbá rẹ̀ rà á kí wọ́n tó bí i. Kí ọlọ́jọ́ sì tó dé, ó ti kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, bí wọ́n ṣe ń fọ kábúrétọ̀, àti bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì tó fi máa mọ ibi tó ń dùn ún. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìṣirò ni Ọmọ́níkẹ́ ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Sùúrùlérè. Tó bá di Sátidé, á wọ ṣòkòtò tó ti gbó, á ti orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìgbádùn rẹ̀ nìyẹn.

Iganmu ló ti pàdé Ọlápàdé. Nítòsí Tíátà ńlá ìjọba, àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò eré ìjelòó tó ti Japan wá máa ń péjọ, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bí ẹni pàtẹ ọjà, kálukú á máa fi tiẹ̀ ṣakọ. Ọkùnrin kan dúró síwájú Sẹ̀líkà. Kò wo àwọ̀ rẹ̀, kò wo táyà rẹ̀. Ó kàn dẹ etí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ta ló ń tún un ṣe fún yín?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n fáàfù kan ti tú díẹ̀. Ẹ ń gbọ́ ọ?"

Ọmọ́níkẹ́ ti ń gbọ́ tì-tì-tì yẹn tipẹ́, ó sì rò pé òun nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ó wo ọkùnrin náà dáadáa. Ìka rẹ̀ gùn, ó mọ́, kò jọ ìka mẹkáníìkì. Gíláàsì ojú ló ń gé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Yábà, Másídà àtijọ́ kan ló sì fi ń ṣeré nílé. Kò bi í léèrè pé èló ni wọ́n ra Sẹ̀líkà. Kò béèrè bóyá wọ́n fẹ́ tà á.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá sílé wọn ní Sátidé nìyẹn, tí àwọn méjèèjì á jọ fẹ̀yìn ti mọ́tò, wọ́n á máa jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú àkàrà, epo ẹ́ńjìnnì á máa rùn lọ́wọ́ wọn. Kò pẹ́ tí "Àǹtí" fi di "Níkẹ́ mi," tí "ẹ" sì di "o." Ọmọ́níkẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí bà á.

Torí pé láti ìgbà tí Ọlápàdé ti ń wá náà ni Sẹ̀líkà ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn.

Àìsàn náà kò sì jọ àìsàn kankan. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, bó bá fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó ti dáhùn. Tó bá di àárọ̀ Sátidé, á máa wúkọ́ bí arúgbó nínú ọyẹ́, á gbọ̀n jìgìjìgì, á kú. Ọlápàdé á dé, á tú ike dúdú tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, á nu inú rẹ̀ gbẹ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi ń nu gíláàsì, á dá a padà. Mọ́tò á sì jí.

"Omi wọ̀ ọ́," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Òjò ò sì rọ̀.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, Ọmọ́níkẹ́ rí i tó gbé ike náà sí imú, tó gbọ́ òórùn rẹ̀, tó wo òkè síhà fèrèsé Màmá, tó sì yára sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó rí i, kò sì gbàgbé.

Jemilat, tí wọ́n jọ ń jókòó ní yàrá àwọn olùkọ́, ni kò jẹ́ kó gbàgbé. Jemilat ní kó ro ó wò. Ó ní ta ni mọ́tò tó dáa ṣe láǹfààní? Bí mọ́tò bá ń ṣe ségesège títí, á sú wọn, wọ́n á tà á, ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni wọ́n á sì tà á fún. Ó ní Gbádé kàn kánjú ni, èyí ní sùúrù.

Ọmọ́níkẹ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a délé, ó bá a dórí bẹ́ẹ̀dì. Ọlápàdé kúkú ní kọ́kọ́rọ́ géètì wọn lọ́wọ́, torí pé ó máa ń já irinṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí kò bá sẹ́ni nílé.

Ní Fúráìdé kan, Ọmọ́níkẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ sí mọ́tò, ó dáhùn. Ó wá mú ṣọ́ọ̀kì nínú báàgì rẹ̀, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara bọ́nẹ́ẹ̀tì bọ́ sára mọ́tò. Ẹni tó bá ṣí i, ìlà á já.

Nígbà tó jí ní Sátidé, ìlà ti já.

Ó dúró síwájú mọ́tò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ọlápàdé wọlé, tòun ti ọ̀rá àkàrà lọ́wọ́, tẹ̀rín tẹ̀rín.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ géètì wa."

"Ẹ" yẹn ló kọ́kọ́ bà á. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Níkẹ́, kí ni mo ṣe?"

"Ẹnì kan ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn èmi àti Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ ní kọ́kọ́rọ́."

"Kì í ṣe èmi."

"Ta ni, nígbà náà?"

Ọlápàdé gbójú sókè síhà fèrèsé Màmá. Ó tún gbé e wálẹ̀. "Mi ò mọ̀."

Irọ́ ni. Ọmọ́níkẹ́ ti ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó mọ ojú ẹni tó gbé nǹkan pamọ́. Ó mọ̀ ọ́n dájú, bó ṣe mọ̀ pé méjì àti méjì, mẹ́rin ni.

Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé àkàrà tì í, ó sì lọ. Àkàrà náà tutù síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́.

Nígbà tí Màmá béèrè Ọlápàdé, Ọmọ́níkẹ́ ní kò níí wá mọ́. Màmá fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀. Ó ń kì í jẹ́jẹ́ bó ti máa ń ṣe bí nǹkan bá dun Ọmọ́níkẹ́: "Àbẹ̀kẹ́ mi. Ọmọ onílé tó ń dán bí idẹ. Ọmọ a-rìn-jẹ́jẹ́-wọ̀lú. Tìrẹ á dáa." Ọmọ́níkẹ́ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Màmá má baà rí omijé.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Sẹ̀líkà tún wúkọ́.

Ọmọ́níkẹ́ rò pé Ọlápàdé ti gbẹ́ ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ náà pamọ́. Ó pààrọ̀ àgádágodo géètì. Síbẹ̀, Sátidé dé, mọ́tò wúkọ́. Ìgbà yẹn ló wá yé e. Ẹni tó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò gba ẹnu géètì wọlé. Inú ilé ló wà.

Nígbà tí Sátidé tún yí po, kí ojú tó mọ́ dáadáa, ó ti fa ìlà ṣọ́ọ̀kì mìíràn sára bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ti jókòó lẹ́yìn fèrèsé ilé ìdáná. Ó gbọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Màmá ló jáde, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, ìgò omi àdúrà lọ́wọ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ nígbà ayé rẹ̀. Ìlà ṣọ́ọ̀kì já lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ń da omi náà sórí ẹ́ńjìnnì ní àmì àgbélébùú, òórùn sẹ́ńtì ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nínú rẹ̀ gba gbogbo ọgbà.

"Olúwa," ó ń sọ, "Ìwọ lo rán an wá. Mọ́tò yìí lo fi mú un wọlé. Dá a padà, Baba. Má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ já kúrò nílé yìí."

Ọmọ́níkẹ́ jáde. "Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Màmá kò ta gìrì. "Àdúrà ni. Lẹ́yìn ti Gbádé, àyà mi já. Nígbà tí èyí dé, mo ní Ọlọ́run gbọ́dọ̀ máa dá a padà wá ní gbogbo Sátidé. Ṣé kì í padà wá ni?"

"Màmá, omi yìí ló ń ba mọ́tò jẹ́."

"Ó kúkú ń padà wá," Màmá tún sọ.

Ọmọ́níkẹ́ kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun sunkún. Lóòótọ́ ni Ọlọ́run gbọ́. Omi náà ló ń dá mọ́tò dúró, mọ́tò ló sì ń pe Ọlápàdé. Òun fúnra rẹ̀ ló lé e. Ó wá rántí ike dúdú tó gbé sí imú, àti ojú tó gbé sókè. Irọ́ tó rí lójú ọkùnrin náà, irọ́ ni lóòótọ́. Òun ni kò kàn béèrè ẹni tó fi ń bò láṣìírí.

Ó nu ike náà gbẹ. Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú Sẹ̀líkà, níbi tí kò jókòó sí láti ìgbà tí wọ́n ti sin Bàbá, wọ́n sì forí lé Yábà.

Ọlápàdé ń gé gíláàsì lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Ó rí Màmá, ó dọ̀bálẹ̀. Màmá ní kó dìde. Ó ní omi tó ń wọ inú mọ́tò, òun ló ń dà á.

"Mo mọ̀, Mà. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

"O mọ̀, o ò sì sọ?"

"Mo rò pé ẹ ò fẹ́ kí n máa wá ni. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, Níkẹ́ á bá yín jà nítorí mi. Mo bá ń nu ún gbẹ, mo sì ń padà wá."

Màmá fi etí ìborùn nu ojú. "Èmi tí mò ń bẹ Ọlọ́run kí o má lọ." Ó ní láti òní lọ, ara táyà lòun á máa da omi sí. Ó wá sọ pé òun ń lọ jókòó nínú mọ́tò.

Ó ku àwọn méjèèjì. Ọmọ́níkẹ́ kúnlẹ̀.

"Dìde, Níkẹ́."

"Mo fojú olè wò ọ́."

"Ó dùn mí," Ọlápàdé sọ, kò fi bò. "Lójoojúmọ́ ló ń dùn mí. Ojú mi lo wò, o ò sì rí mi."

"Mo mọ̀. Dárí jì mí."

Ọlápàdé gbé gíláàsì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó jáde lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí Màmá jókòó sí nínú Sẹ̀líkà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó dẹ etí, bó ti ṣe ní Iganmu. Ọmọ́níkẹ́ tẹ̀ lé e jáde.

"Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é," ó ní. "Fáàfù gan-an ti dákẹ́."

"Kò sì ní sí nǹkan kan tí á máa ṣe é ní Sátidé mọ́."

Ọlápàdé wò ó. Ọmọ́níkẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ àgádágodo tuntun jáde nínú báàgì, ó nà án sí i.

"Jọ̀ọ́, gbà á, kí o sì máa bọ̀."