Ọsàn Méjì Lọ́jọ́ Fúráìdé

Àárọ̀ Sátidé ni. Òjò ń rọ̀. Ìyá Kárọ́ọ̀tì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń fi bírò bọ́ àgbàlagbà méjìlá.

Ẹ má rò pé orí rẹ̀ dàrú o. Dìgírì kejì ló ń ṣe nínú ìmọ̀ oúnjẹ, ìwàásù kárọ́ọ̀tì tó máa ń ṣe fún gbogbo ayé ló sì fún un lórúkọ yẹn. Fún ìwádìí rẹ̀, àwọn méjìlá náà máa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ kìkì oúnjẹ bó ṣe ti oko dé: ẹ̀wà, èso, ewébẹ̀, àgbàdo tí ẹ̀rọ ò bó lára. Gbogbo Sátidé ló yẹ kó lọ sílé wọn, kó wọ̀n wọ́n, kó tẹ ẹsẹ̀ wọn wò bóyá ó wú, kó kọ ohun tí wọ́n jẹ àti ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu wọn sínú ìwé oníkálukú.

Ó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ìkẹrin, òjò dé.

Bísíkíìtì, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Nínú òjò yìí? Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ tó máa yà ọ́ lẹ́nu? Ẹ̀wà ni. Kọ ẹ̀wà!"

"Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó ìwádìí mi bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ṣé ó máa la ikùn wọn wò ni? Jọ̀ọ́, kọ ẹ̀wà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, irọ́ náà wá ń dùn mọ́ ọn. Ìyá Alágbàfọ̀, tó kórìíra ewébẹ̀ bí ẹni kórìíra ẹ̀wọ̀n, di ẹni tó ń jẹ kábéèjì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ bí ewúrẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó kọ ti Bàbá Télọ̀, ẹni tó fẹ́ràn jù nínú wọn: "Fúráìdé: ọsàn méjì. Ara mi ti fúyẹ́, mo lè jó." Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún kọ fún un ní ìkẹfà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó kó ìwé méjìlá náà lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Màmá náà ṣí wọn wò, inú rẹ̀ dùn. "Ọmọ mi, o ti gba dìgírì yìí tán."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí obìnrin kan fi kanlẹ̀kùn, ó gbé síkéèlì tí wọ́n fún oníkálukú láti fi wọn oúnjẹ sínú ọ̀rá.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ Bàbá Télọ̀ ni mí. Mo wá dá síkéèlì yín padà."

"Ẹ ṣé o. Bàbá ńkọ́?" Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

"Wọ́n ti kú mà. Ó máa pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́la." Ó rọra jókòó. "Bàbá ní ẹ máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn sílẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ èyí tí wọ́n sọ kẹ́yìn."

Ìyá Kárọ́ọ̀tì na ọwọ́ sí ìwé Bàbá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣí i. Ó kà á sókè, ó bẹ̀rẹ̀ látorí ọsàn méjì, ó ka ọjọ́ àti oṣù mọ́ ọn, ó parí rẹ̀ sórí ijó.

Obìnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu.

"Ọjọ́ Fúráìdé tó kọjá yẹn la sin wọ́n mà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ojú kúrò nínú ìwé, ó wo Ìyá Kárọ́ọ̀tì.

"Ṣé o débẹ̀?" Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

"Rárá mà."

"Àwọn mọ́kànlá tó kù ńkọ́?"

"Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, mi ò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mà."

Obìnrin náà ò pariwo. Ó kàn yíjú sí Ìyá Kárọ́ọ̀tì. "Ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. A ní ká gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n ní rárá, pé akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ̀yin lẹ máa wò ó. Wọ́n wọ aṣọ tó dáa, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí òjò fi dá."

Wọ́n lé Ìyá Kárọ́ọ̀tì kúrò nílé ìwé kí oṣù náà tó parí. Bísíkíìtì gba dìgírì tiẹ̀; kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Ìyá Kárọ́ọ̀tì lọ bẹ obìnrin náà nílé. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́, òótọ́ ni. Ẹnu Bàbá ló ti jáde."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?" Obìnrin náà ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má kọ ohun tí ẹ ò ṣe sílẹ̀ pé ẹ ṣe é. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n lè mú yín nìkan. Èèyàn wà nídìí iṣẹ́ tí ẹ fò, ó ń retí yín. Lọ́jọ́ tí irọ́ bá sì tú, ẹ máa sọ òótọ́ tí ẹ ní, kò ní sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín.