Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Mẹ́ta Dé Wikki

Irọ́ ni Waris ń pa lọ́jọ́ tí Zulaiha kọ́kọ́ rí i. Ọdún 1994 ni, ní ẹnubodè àtijọ́ kan ní Zaria. Zulaiha kó àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ wá láti Barnawa ní Kaduna kí wọ́n wá wo odi ìlú, ó sì bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dé fìlà funfun níbẹ̀, tó ń ṣe amọ̀nà fún òyìnbó méjì. Ó ń sọ fún wọn pé ọjọ́ méje péré ni Ọbabìnrin Amina fi mọ odi náà.

"Ọjọ́ méje kẹ̀? Haba!" Zulaiha ò mọ ìgbà tó bọ́ sí i lẹ́nu.

Amọ̀nà yíjú, ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ kí n sọ?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́nu dídùn ni Waris. Zulaiha rò pé òun tó jẹ́ tíṣà gbọ́n ju ẹnu dídùn lọ, àṣé ìfẹ́ ti gbé e lọ. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, "ọ̀wọ́n mi" ni wọ́n ń pe ara wọn.

Ó wá ku ti bàbá Zulaiha. Alhaji Abdulwahab tó ń ta aṣọ jẹ́ ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé. Kì í bèèrè iṣẹ́ èèyàn kó tó bèèrè ẹni tó bí i. Waris ti ní alfa ni bàbá òun, pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Ìlọrin. Èyí dùn mọ́ Alhaji. Síbẹ̀, ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ wo ọmọkùnrin náà dáadáa, ló bá ní kó mú òun àti Zulaiha káàkiri fún ọjọ́ mẹ́ta.

Wọ́n gbéra nínú Píjó Waris. Wọ́n wo odi Zaria, wọ́n wo kòtò aró ní Kano, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba Bauchi dé Wikki, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti ń sun lábẹ́ àpáta, tó mọ́ gaara. Alhaji jókòó sínú rẹ̀ dé àyà, orúnkún tó ń dùn ún látọjọ́ yìí sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

"Waris, ìwà rẹ tẹ́ mi lọ́rùn," ló wí. "Lọ́jọ́ Sátidé, wà mí lọ Ìlọrin. Mo fẹ́ lọ kí bàbá rẹ, ká mú ọjọ́ nikaah yín."

Ayọ̀ kún inú Zulaiha. Ó wojú Waris, ṣùgbọ́n Waris ò rẹ́rìn-ín. Inú omi ló kúnlẹ̀ sí.

"Alhaji, ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Bàbá mi ò sí ní Ìlọrin. Wọn kì í ṣe alfa. Alágbàfọ̀ ni wọ́n. Trikania ni wọ́n ń gbé."

"Trikania wo? Trikania ti Kaduna wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Alhaji jáde nínú omi. "Ọmọ tó sẹ́ bàbá rẹ̀ láàyè, kí ni kò ní sẹ́? Ká délé lọ́la. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, Zulaiha lọ bá Waris. "Ṣé torí aṣọ fífọ̀ lo rò pé mi ò ní fẹ́ ẹ?"

"Ẹ̀rù bà mí, ọ̀wọ́n mi."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀."

Ọ̀nà Jos ni wọ́n gbà bọ̀. Waris nàka sí àwọn òkè kan, ó ní wọ́n ti pọ iná rí láyé àtijọ́. Alhaji yíjú sí ojú fèrèsé. Inú ń bí Zulaiha, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ọkùnrin náà ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ Kaduna, ó sọ fún Waris pé:

"Mú wa lọ Trikania."

"Zulaiha!" Alhaji figbe ta.

"Bàbá mi, ẹ ṣàánú mi. Ẹ jẹ́ n fojú kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré."

Alhaji kùn, kò sì ní kó má lọ.

Bàbá arúgbó kan ló ń fi áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́yinná lọ aṣọ lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ó rí mọ́tò, ó rí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú Alhaji, ojú rẹ̀ tàn. Kíá ló tún gbójú wálẹ̀.

"Sannu o, ẹ kú àbọ̀. Ṣé aṣọ lẹ gbé wá fún fífọ̀? Dírẹ́bà, bá wọn gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Dírẹ́bà ló pe ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀! Ohun tí bàbá náà ń ṣe yé Zulaiha: ó mọ̀ pé ọmọ òun ń sẹ́ òun, ó sì ń bá a bo irọ́ náà. Omi bọ́ lójú Zulaiha.

Waris dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi ọṣẹ tó ṣàn sílẹ̀. "Bàbá mi, ó tó. Mo ti sọ fún wọn. Alhaji, bàbá mi rèé, Mahmud lorúkọ wọn. Aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ ni wọ́n fi rán mi níwèé."

Zulaiha náà kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni Zulaiha."

Bàbá náà kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbé dìde. Alhaji ni gbogbo wọn ń wò. Ó pẹ́ kó tó bọ́ bàtà rẹ̀.

"Ẹ fún mi níjòókòó," ló wí. "Èèyàn kì í dúró bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Bàbá Waris yára fi etí bùbá ara rẹ̀ nu bẹ́ǹṣì. Zulaiha na ọwọ́ kó fa Waris dìde.

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀," ni Alhaji wí. "Kó tún dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ díẹ̀ sí i."