Mẹ́rìndínlógójì

Ìgbà àkọ́kọ́ tí káfíńtà rí obìnrin náà, ńṣe ni obìnrin náà nà gbalaja sórí pákó kan, tí pákó náà ń gbé e sáré la àárín yàrá kọjá. Igi onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ wọn wú síta ló ń yí lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ pákó ò fò, kò sì mì.

"Ẹ gbà mí o! Ògiri ti dé!"

Káfíńtà sọ ẹrù èjìká rẹ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ dá pákó náà dúró. Obìnrin náà gbójú sókè, ó bú sẹ́rìn-ín. Kí a má purọ́, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti mú ọkùnrin náà.

Olùkọ́ ìṣirò ni obìnrin yìí. Ó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kó lè dá ilé kan sílẹ̀ tí tọmọdé tàgbà á ti máa fọwọ́ kan ìṣirò, tí wọ́n á máa tì í, tí wọ́n á máa gùn ún, títí ẹ̀rù rẹ̀ ò fi ní bà wọ́n mọ́. Orí fóònù ló ti ní kí káfíńtà ṣe pákó oníhò kan fún òun. Ó ka àwọn ihò tó wà lára èyí tí káfíńtà gbé wá, ó tún wọn kà.

"Mẹ́rìndínlógójì ni mo ní kí ẹ lu. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè dọ́gba. Mẹ́rìnlélógójì lẹ lù yìí."

Ojú ti káfíńtà. "Tíṣà, ẹ má bínú. Láti kékeré ni lé àti dín ti ń dàrú mọ́ mi lójú. Òun ló lé mi kúrò nílé ẹ̀kọ́."

"Kò ní lé yín kúrò níhìn-ín. Ẹ pè é díẹ̀díẹ̀. Mẹ́rin. Dín. Ní. Ogójì."

Ó pè é. Ẹnu rẹ̀ ò pa dé mọ́. "Àṣé orúkọ rẹ̀ ló ń sọ bí wọ́n ṣe yọ ọ́!"

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ tí káfíńtà ò rí nǹkan kàn níbẹ̀, ì báà jẹ́ ìṣó kan péré. "Ẹ" di "ìwọ", "Káfíńtà" sì di "Oníhò mi".

Ṣùgbọ́n bàbá obìnrin náà, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, fárígá. "Ọkùnrin tí kò mọ lé yàtọ̀ sí dín? Kò lè fẹ́ ọmọ mi."

"Mi ò ní ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn bàbá mi," ni obìnrin náà sọ fún káfíńtà, omi lójú, "mi ò sì ní fi ẹ́ sílẹ̀."

"Fọkàn balẹ̀, ìyàwó mi lọ́la. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló máa bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó ti ara rẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó to ogójì èèkàn sórí tábìlì kan: bí èèyàn bá fa irin tó kọ "dín" sí, mẹ́rin á wọlẹ̀, bó bá fa "lé", mẹ́rin tuntun á yọ. Ó bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tú u palẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé ìṣirò náà, tí tábìlì yìí ti wà níbẹ̀, Bàbá wọlé, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń rọra rìn bí ẹni wọ ilé onílé. Màmá fa irin "dín". Èèkàn mẹ́rin wọlẹ̀ gbì.

"Yéè! Mẹ́rin dín ní ogójì!" Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, gbogbo ọdún tí ẹ fi ń pè mí ní òpè, àṣé ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n kọ́!"

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa irin náà, ó tún un fà.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà."

Bàbá fọwọ́ pa àwọn èèkàn náà lára. "Mo ti lé àwọn ọmọ kan jáde ní kíláàsì nítorí nǹkan yìí," ló wí. "Mi ò mọ ibi tí mo ti lè rí wọn mọ́." Ó wo káfíńtà lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ní kí àwọn òbí rẹ máa bọ̀ wá kí wa."

Káfíńtà yíjú sí obìnrin náà. "Tíṣà, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró kí o bi mí." Ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ inú ọwọ́ líle káfíńtà, kò sì yọ ọ́.

Nídìí tábìlì, Màmá ti di olùkọ́. "Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà níwájú ẹnu ọ̀nà yẹn," ló ń pè, "ẹ wọlé, ẹ wá fà á! Kò sẹ́ni tó máa nà yín."