Ojú Ewé Tí Kòfó Fò

"Ṣé ó ṣì kù púpọ̀?" Oyèníran bi ọmọ rẹ̀. Ó fara ti táyà ńlá katakata rẹ̀, ó ń fi àkísà nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn.

Kòfowórọlá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó kù rẹpẹtẹ.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, lọ́dún 1989, ní àgbàlá ilé tí wọ́n háyà ní Mushin. Ogún ọdún ni Oyèníran fi wa ọkọ̀ lọ́rí ní Ijora kó tó rí katakata àlòkù yìí rà. Ó fẹ́ gbé e lọ sóko rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti máa fi kọ ebè, láti máa fi yí ẹ̀rọ tí ń yin àgbàdo. Awakọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé kà, èdè òyìnbó ni wọ́n sì fi kọ ìwé ìtọ́jú katakata náà. Nítorí náà, gbogbo Sátidé ni Kòfó ń kà á tó ń túmọ̀ rẹ̀: ìgbà tí a ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ibi tí a ń fa gíríìsì sí, bí a ṣe ń bu omi sí rádíétọ̀. Ohun tí ọmọ bá kà ni bàbá ń ṣe. Kì í fi kún un, kì í yọ níbẹ̀.

Àmọ́ ó ti sú Kòfó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ti ń pè é ní Ọmọ Gíríìsì. Rùkáyàt, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti dé ẹnu géètì, torí wọ́n fẹ́ lọ wo fídíò ní Surulere.

"Kòfó, o ṣì wà níbẹ̀? Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o! Abeg, máa bọ̀ jàre."

Kòfó ṣí ewé méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ó ti parí, Bàbá."

Oyèníran yọ ike dúdú gígùn kan jáde nínú páálí. "Èyí ńkọ́? Òun àti ṣáàfù, ọ̀pá irin tí yóò máa yí ẹ̀rọ àgbàdo, ni wọ́n jọ kó sínú páálí kan náà. Kí ni ìwé sọ nípa rẹ̀?"

"Wọ́n kàn fi wé irin náà ni, kó má baà dípẹtà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jù ú nù, sà."

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó jù ú nù. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú ti fi ata sẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ajé, Oyèníran fi ṣáàfù náà so ẹ̀rọ àgbàdo rẹ̀ mọ́ katakata láti dán an wò. Ó tan ẹ́ńjìnnì katakata, ṣáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í yí fìrìfìrì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti yọ àgbàdo kan tó há, apá bùbá rẹ̀ sì wé mọ́ irin tó ń yí. Ariwo kan ṣoṣo ni Kòfó gbọ́. Kí wọ́n tó rí katakata náà pa, apá ọ̀tún bàbá rẹ̀ ti lọ láti ìgúnpá.

Oṣù méjì ló lò nílé ìwòsàn. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń sọ fún pé, "Ìwé òyìnbó yẹn ló ṣe mí. Ọmọ mi kà á délẹ̀, wọn ò kọ ewu kankan síbẹ̀." Kòfó ń gbọ́, ó ń bu omi fún àlejò. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í láti jẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá Oyèníran sílẹ̀, Ijora ló kọrí sí, sọ́dọ̀ Theophilus tó ta katakata náà fún un. Kòfó ló bá a gbé ìwé.

"Ikú lo tà fún mi!" ló wí.

Theophilus ò bá a jiyàn. Ó gba ìwé, ó ṣí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó fúnra yín."

Àwòrán ni. Ọkùnrin kan nìyí, aṣọ rẹ̀ wé mọ́ irin, apá rẹ̀ ń tẹ̀lé e lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ya ike dúdú gígùn náà sí, wọ́n fi bo irin yẹn mọ́lẹ̀. Èèyàn ò ní láti mọ̀wé kó tó yé e. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Oyèníran wò ó títí. "Kòfó, kà á."

Kòfó kà á: "Ẹ má ṣe yí irin yìí láìfi ìbòrí rẹ̀ bò ó. Ó lè gé apá. Ó lè pa èèyàn."

"Ìwọ lo ní kí n jù ú nù," ni bàbá rẹ̀ wí. Kò pariwo, kò nà án. Ó ta katakata náà padà fún Theophilus níbẹ̀, nítorí ọwọ́ kan kò lè wà á.

Nígbà tí èsì ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì jáde, Kòfó gba A nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó sáré wọlé. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín!"

Oyèníran gba ìwé èsì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn Àṣàbí, aránṣọ tí wọ́n jọ jẹ́ ayálégbé, tí kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà.

"Àṣàbí, bá mi ka èyí. Má fo nǹkan kan."

Àṣàbí ń kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣì í kà. Kòfó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, kò tó bẹ́ẹ̀ láti tún un ṣe. Nígbà tí Àṣàbí parí, Oyèníran dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjá lára ọmọ rẹ̀, ó wọlé lọ.

Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọmọ tí òbí yín ń fi ojú yín ríran, ẹ má ṣe tàn wọ́n jẹ nítorí ìgbádùn ọ̀sán kan. Apá tó bá ti gé kì í hù mọ́, ìfọkàntán tó bá sì gé, ó ṣòro kó tó hù.