Hóró Oògùn Méjì

Catherine, nọ́ọ̀sì ọmọ Odòde, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Rísíkàt fún mi.

Lọ́dún 1981, Rísíkàt nìkan jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù kan ní Àkúrẹ́, ó na apá sílẹ̀ de abẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀, Búrẹ́mọ̀ aláṣọ, tó kù fún un ní Ìdànrè, ló wà nínú yàrá lọ́hùn-ún. Ibà pọ́njú ọjọ́ pípẹ́ ti sọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ di líle. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò yé sun lójú ọgbẹ́. Dókítà ní ohun wíwẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tí ń dí ojú ọgbẹ́ ti dín kù lára rẹ̀. Àwọn yóò gbà á lára ọmọ rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá, ẹ̀dọ̀ á ráyè sàn. Èèwọ̀ kan péré ló wà: fún ọjọ́ méje kí wọ́n tó gbà á, Rísíkàt kò gbọdọ̀ lo oògùn ẹ̀fọ́rí.

"Ṣé o ò lo nǹkan kan?" Catherine bi í.

Rísíkàt wolẹ̀. Lánàá, lẹ́yìn ìdánwò nílé ìwé, orí ń fọ́ ọ. Mojọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ na hóró oògùn méjì sí i. "Gbé e mì jàre, ìyá àgbà. Ta ló máa rí ọ?" Ó sì gbé e mì.

Bó bá ní òun ò lò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Àǹtí, mo lò ó. Méjì. Lánàá."

Catherine tú okùn tó ti so mọ́ ọn lápá de abẹ́rẹ́. "O ṣeun tó o sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ò lè dí ọgbẹ́ kankan báyìí. Ta ló tún kù?"

Mùyídéènì ló kù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí Bàbá lé jáde nígbà tó wọ ìjọ Aládùúrà. Ọdún méjì ni Rísíkàt kò fi fèsì lẹ́tà rẹ̀. Ó wọ mọ́tò lọ sí Òfosù, ó bá a níbi tó ti ń la gẹdú.

"Bàbá ló rán ọ?"

"Rárá, Bọ̀ọ̀dá mi. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́." Ó rò ó fún un.

"Lẹ́tà mẹ́rin, Rísí. O ò fèsì ọ̀kan." Ó gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lára. "A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ó yá."

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti Bàbá mu, wọ́n sì gbà á fún un. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ojú ọgbẹ́ ti gbẹ. Ọjọ́ márùn-ún ni Mùyídéènì fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìwọ yàrá, títí Dókítà fi ní ẹ̀dọ̀ ti ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, irọ́ kan ṣoṣo ì bá pa Búrẹ́mọ̀. Òtítọ́ tó ti ọmọ rẹ̀ lójú ló gbà á là.

"Ẹ wọlé kí i," Rísíkàt bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bó bá fẹ́ rí mi, ó mọ Òfosù. Ìwọ ṣáà máa kọ lẹ́tà."

Mùyídéènì gbé àpò kọ́ èjìká, ó gba ẹnu ọ̀nà ọsibítù jáde, kò bojú wẹ̀yìn.